Àká Jósẹ́fù àti Ọjọ́ Ogbó Wa

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 41:33–36 àti 47:13–26

Ọlọ́run tí ó mú wa la òkun kọjá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò mú wa dé èbúté ayọ̀ o. Àmín.

Ìtàn Jósẹ́fù kì í ṣe àjòjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Fáráò lá àlá, Jósẹ́fù sì túmọ̀ rẹ̀: ọdún méje ọ̀pọ̀, ọdún méje ìyàn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa kó ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè pamọ́ ní gbogbo ọdún tí oúnjẹ bá fi wà. Ibẹ̀ ni a sábà máa ń dúró sí, tí a ó sì kí Jósẹ́fù kú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn náà dé orí 47. Nígbà tí ìyàn mú, àwọn ará Íjíbítì wá ra ọkà lọ́wọ́ ìjọba. Owó wọn kọ́kọ́ tán. Wọ́n fi ẹran ọ̀sìn ra oúnjẹ, ẹran náà tán. Níkẹyìn, wọ́n fi ilẹ̀ wọn àti ara wọn fún Fáráò, wọ́n sì ń san ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè fún un títí lọ. Ebi kò pa wọ́n kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àká tirẹ̀, iye tí ìjọba bá pè ni yóò san.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí nìyí: àká ìjọba dára, kí a má ṣe kẹ́gàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù ní àká tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àká ìjọba. Láti 1 January 1909 ni ìjọba Britain ti ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn arúgbó. Ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ ni nígbà náà, ẹni 70 ọdún ni ó sì ń gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé owó National Insurance tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù wà níbì kan tí a kọ orúkọ wa sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ń san lónìí ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn arúgbó òní. Àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́la ni yóò bọ́ àwa. Iye ọdún tí a fi san án ni ìjọba kọ sílẹ̀ fún wa. Lábẹ́ ètò tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní April 2016, ẹni tí ọdún rẹ̀ kò bá pé 10 kò ní gba nǹkan kan. Ọdún 35 ni a fi ń gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́.

Nítorí pé inú ètò ìṣúná ìjọba ni owó yìí ti ń wá, ìjọba lè yí i padà. Bí arúgbó bá ń pọ̀ sí i ní ìlú, tí gbèsè sì wà lọ́rùn ìjọba, òfin a máa yí. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń gbà á ní ẹni 60 ọdún rí i tí ó di 65 ní 2018, ó sì di 66 fún tọkùnrin tobìnrin ní 2020. Ẹni tí a bí láàrin 6 March 1961 àti 5 April 1977, 67 ni òfin kọ fún un. Ẹni tí a bí láti 6 April 1978 wá, 68 ni.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún kan àwa tí a ń sọ pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ẹni tí ó bá gbé owó ìfẹ̀yìntì ìjọba lọ sí Nàìjíríà, owó náà kò ní lé sí i mọ́. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ní April 2016, £155.65 lọ́sẹ̀ ni. Ní ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní April 2025, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dúró sí Peckham ń gba £230.25, nígbà tí ẹni tí ó ti lọ sí Ìbàdàn ní ọdún náà lọ́hùn-ún ṣì wà lórí £155.65. Ẹni tí ó lọ sí Jàmáíkà tàbí Amẹ́ríkà ń rí àfikún gbà nítorí àdéhùn tí ó wà láàrin ìjọba méjèèjì. Kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé pọ́n-ùn kan ti di náírà púpọ̀ láti 2023, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ọjà ń wí nílé. Kí a ti mọ̀ ọ́n kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nísinsin yìí, àká tiwa. Láti 2012 ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn agbanisíṣẹ́ fi òṣìṣẹ́ sínú ètò ìfẹ̀yìntì. Láti April 2019, nínú gbogbo £8 tí ó ń wọlé, òṣìṣẹ́ a máa mú bí £4 wá, agbanisíṣẹ́ £3, ìjọba a sì fi £1 owó orí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́: nígbà tí iye náà gòkè ní 2019, àwa tí a ń kọ ìwé yìí fọwọ́ sí i pé kí wọ́n má ṣe yọ ọ́ mọ́. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni a ti ń ṣiṣẹ́, a ń kọ́lé ní Ìkòròdù, páànù sì ń dúró dè wá. Bí £60 lóṣù ni a rí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tí òfin tún mú wọn dá wa padà sínú rẹ̀, a jókòó ṣírò. Owó tí ó bọ́ sí wa lọ́wọ́ jẹ́ £2,160. Owó tí agbanisíṣẹ́ àti ìjọba ìbá fi kún un, tí a fi ọwọ́ ara wa dá padà, jẹ́ £2,160 pẹ̀lú. Páànù wà lórí ilé lónìí, ṣùgbọ́n orúnkún wa kò gbé aláìsàn bí ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa níhìn-ín ń san owó ilé, wọ́n ń san gbèsè yunifásítì. Kí wọ́n tọ́jú wa nítorí ìfẹ́ ni a ń gbàdúrà fún, kì í ṣe nítorí pé a kò ní nǹkan kan.

Ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń fi £50 pamọ́ lóṣooṣù fún ọdún 30, tí àbúrò sì ń fi £100 pamọ́ fún ọdún 15, £18,000 ni olúkúlùkù mú wá. Bí owó náà bá ń bí 5% lọ́dọọdún, ti ẹ̀gbọ́n yóò lé ní £41,000. Ti àbúrò kò ní pé £27,000. Èlé tí ń bí èlé ni. Ìdókòwò a máa gòkè, a sì máa lọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè ṣèlérí 5%. Nítorí náà, kí a pín in sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́, kí owó tí a ó ná láìpẹ́ wà ní báńkì. Ẹni tí ó bá wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú owó tí yóò di ìlọ́po méjì ní oṣù mẹ́ta, ẹ sá fún un, kódà bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ní èdè àjèjì. Àjọ wa dára fún owó ilé ẹ̀kọ́ àti aṣọ Kérésìmesì. Àjọ kì í bí èlé.

Àwọn kan yóò wí pé Ọlọ́run yóò pèsè. Ó pèsè fún Íjíbítì: ó fi àlá hàn wọ́n, ó sì fún wọn ní ọdún méje láti ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe gbàgbé ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù orí 12, tí ó fẹ́ kọ́ àká ńlá, tí kò sì rántí Ọlọ́run. Àká wà fún jíjẹ àti fún fífúnni.

Ní oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta. Kí a béèrè lọ́wọ́ ìjọba iye ọdún National Insurance tí a ti ní. Bí àlàfo bá wà, a sábà lè san ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kí a wo ìwé owó oṣù wa bóyá a wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì. Kí tọkọtaya sì jókòó sọ ọ́ láàrin ara wọn, láìjà.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí a ṣe arúgbó ìyà. Kí ó fún wa ní ọgbọ́n Jósẹ́fù nígbà tí agbára ṣì wà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.