Gbèsè Wo Ni Ilé-iṣẹ́ Jẹ Ìlú?

Bí ènìyàn bá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ara rẹ̀, tí ó sì tún wó o, ta ni yóò bi í léèrè? Ṣùgbọ́n bí odidi ìlú bá ti gbé ayé rẹ̀ lé ilé náà ńkọ́? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìlú Youngstown ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ni ó mú wa ro ọ̀ràn yìí.

Irin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 19 oṣù Sẹ́ptẹ́ńbà, 1977, ilé-iṣẹ́ Youngstown Sheet and Tube kéde pé òun yóò ti Campbell Works pa, ibi tí nǹkan bí 5,000 ènìyàn ti ń jẹun. Àwọn tí ó ni ín kì í ṣe ará ìlú mọ́. Àjọ kan láti New Orleans ti rà á ní 1969. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ irin mìíràn fi tẹ̀lé e. Owó ọ̀yà nìkan kọ́ ni ó sì bá a lọ. Ẹni tí kò níṣẹ́ kò lè ra ẹran, alápatà kò sì lè san gbèsè màlúù. Owó-orí gbẹ, àwọn ọ̀dọ́ sì ṣí lọ. Ìlú tí ó ní ju 170,000 ènìyàn lọ ní 1930, nǹkan bí 60,000 ni a kà níbẹ̀ ní 2020. Àwa tí a ti rí ìjọ tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ tán mọ ohun tí èyí jẹ́.

Inú wa dùn pé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù kò dákẹ́. John Burt ti Ìjọ Episcopal, tí í ṣe ará wa nínú ìdàpọ̀ Anglican, àti James Malone ti Ìjọ Àgùdà, kó àwọn ìjọ jọ kí ará ìlú lè ra ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn. Àwọn ènìyàn fi owó pamọ́ sí báǹkì nítorí rẹ̀. Ìjọba kọ̀ láti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ìyókù, ètò náà sì ṣubú ní 1979.

Ní 1980, àwọn òṣìṣẹ́ U.S. Steel ní ìlú kan náà gbé ọ̀ràn tiwọn lọ sí kóòtù. Adájọ́ Thomas Lambros kọ́kọ́ sọ pé ó dàbí ẹni pé àjọṣe ọjọ́ pípẹ́ ti fún ìlú ní ẹ̀tọ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dá ẹjọ́, ó ní òfin kò mọ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹni tí ń pàdánù máa san owó ọ̀yà títí láé. Ẹ̀rọ wọn ti gbó, irin òkèèrè sì wọ́n kéré. Síbẹ̀ àwa kò gbà pé ibi tí òfin dákẹ́ sí ni gbèsè parí sí. Ó kéré tán, àlejò tí a gbà sílé a máa dágbére kí ó tó lọ. Ní 1988 ni Amẹ́ríkà tó ṣe òfin pé kí ilé-iṣẹ́ ńláńlá kéde ìtìpa ní ọjọ́ 60 ṣáájú. Ọgọ́ta ọjọ́, bẹ́ẹ̀ láti 1900 ni Youngstown ti ń ṣiṣẹ́ fún Sheet and Tube.