Níbi Sàárà, Wọn Kì í Béèrè Iṣẹ́ Bàbá Ẹni

Ní àdúgbò wa ní Ìkirè, bí Ìyá Ìbejì bá ti gbé ìkòkò ẹ̀wà kaná, a kì í dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Òórùn epo pupa ni ìpè wa. Kí oòrùn tó mú, a ti tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíràn mú abọ́ wá, ẹlòmíràn na ọwọ́ lásán. Ọmọ ẹni tó ní mọ́tò akẹ́rù wà níbẹ̀, ọmọ opó tó ń fọṣọ fáráyé wà níbẹ̀, ṣíbí kan náà ni wọ́n fi ń bù fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni sàárà Alájì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá mi kì í gbà ká jẹun nílé onílé. Bó bá gbọ́ pé o jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ aládùúgbò, pàṣán ló máa bá ọ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ kò bá wa wí rí lórí sàárà tàbí ẹ̀wà ìbejì. Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó mọ ohun tó fà á.

Woolwich ni mo ń gbé báyìí, ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ mi sì ni pé kí n máa dúró ti àwọn ọmọ níbi oúnjẹ ọ̀sán nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Kí n tó wọ iṣẹ́ náà ni oúnjẹ ọ̀fẹ́ ti dá ìjà sílẹ̀ nílé mi. Ọdún 2010 ni. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, oúnjẹ náà tọ́ sí ọmọ wa, fọ́ọ̀mù dé nínú báàgì rẹ̀. Ọkọ mi kà á, ó ká a, ó dá a padà fún mi. "Ṣé torí oúnjẹ ni mo ṣe wọ bàálù ni?" Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ìrẹsì sínú fúláásìkì nìyẹn. Nígbà tó yá, mo rí i pé bí mo ṣe ń dì í lọ ló ń padà wálé. Ojú ń ti ọmọ láti ṣí i láàárín àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì. Ojú ń ti bàbá láti fọwọ́ sí ìwé. Ebi ló wà láàárín ìtìjú méjèèjì.

Ilé tí bàbá ń lọ mọ́sálásí, tí ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo ti dàgbà, nítorí náà etí mi méjèèjì gbọ́ ìwàásù lórí ọrẹ àánú. Nínú Mátíù orí 6, Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Nínú Súrà Bákárà, a gbọ́ pé ọrẹ tí a ṣe fún aláìní ní ìkọ̀kọ̀ sàn ju ti gbangba lọ, a sì gbọ́ pé kí a má fi ìrègún ba sàárà jẹ́. Olówó tó ń fọ́nnu ni àwọn oníwàásù wa ń fi ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n fi bá fọ́ọ̀mù wí. Ìwé tó ń gba nọ́ńbà National Insurance rẹ kí wọ́n lè wò ó bóyá o tòṣì tó, kí ni kí a pè é? Ní 2018, ìjọba tún fi òǹkà lé e fún àwọn tó wà lórí Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba: bí owó tí ìdílé ń rí nídìí iṣẹ́ bá ju £7,400 lọ lọ́dún lẹ́yìn owó orí, oúnjẹ ò kàn ọ́ mọ́. Ìrègún ni èmi ń pè é. Ti èèyàn a máa tẹ̀ lé oore ni. Ti fọ́ọ̀mù ń ṣáájú oore dé.

Báwo wá ni ìjọba, tọ́wọ́ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣe máa ṣe oore ní ìkọ̀kọ̀? Ẹ̀wà ìbejì ló dá mi lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọmọ tálákà láìjẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n, kí ó bọ́ gbogbo ọmọ. Inú èrò ni ìkọ̀kọ̀ náà wà. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2014, ìjọba sọ oúnjẹ ọ̀sán di ọ̀fẹ́ ní England fún gbogbo ọmọ kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìṣojú mi ni àwọn ọmọ náà ṣe ń jẹun láìsí wàhálà, títí wọ́n fi gòkè sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e, tí fọ́ọ̀mù ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búrẹ́dì tí nǹkan kan ò sí láàárín rẹ̀ wá. Ọmọ ọdún tó kọjá náà ni, orí bẹ́ǹṣì ọdún tó kọjá náà ni. Ó di Sẹ̀tẹ́ńbà 2023 kí Sadiq Khan, olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tó fi owó sí i fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. (Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló ń lé ọmọ nídìí oúnjẹ o. Ọ̀dùnkún tí kò fojú kan ata rí wà níbẹ̀, ọmọ mùsùlùmí sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹran náà jẹ́ hàlálì. Ọwọ́ àwọn alásè nìyẹn wà, kò ní ìwàásù nínú.)

Ní ilé, ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ O-Meals, ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé ẹ̀kọ́, ní Ọ̀ṣun ní 2012, àti nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016, 70 náírà lórí ọmọ kan lóòjọ́, kíláàsì ni wọ́n fi pààlà, wọn ò fi àpò bàbá pa á. Ti àpapọ̀ dúró ní kíláàsì kẹta. Ebi lè pa ọmọ kíláàsì kẹrin, ṣùgbọ́n ìtìjú ò pa ọmọ kíláàsì kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ áàfáà ní Òṣogbo ò gbà fún mi. Ó ní sàká ní àwọn tó tọ́ sí, oríṣi mẹ́jọ ni Ọlọ́run kà wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ dá wọn mọ̀ ká tó fún wọn. "Kí ló kan ọmọ olówó níbẹ̀?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, sàká yàtọ̀ sí sàárà, ẹ̀yin náà sì jẹ ẹ̀wà Ìyá Ìbejì." Ó rẹ́rìn-ín, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Inú bí mi díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Láti 2011 ni ìjọba ti ń fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ England ní owó kún owó lórí ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé oúnjẹ ọ̀fẹ́. Bí gbogbo ọmọ bá wá ń jẹ ọ̀fẹ́, ta ni yóò tún fọwọ́ sí ìwé? Èrò tó bo ọmọ tálákà mọ́lẹ̀ náà ló ń bo owó tó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ fi gba olùkọ́ tí yóò jókòó tì í kàwé.

Bí fọ́ọ̀mù ṣe padà dé ọwọ́ tèmi nìyẹn, èmi tí mo ti ń bú u láti òwúrọ̀. Kí owó náà má bàa bọ́, ọ̀gá wa nílé ẹ̀kọ́ di ìdì fọ́ọ̀mù kan fún mi, ó ní kí n dúró lẹ́nu géètì kí n máa pín in fún àwọn ìyá, pé àwọn èèyàn mi ni. Mi ò ṣa ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìyá tó kọjá ni mo fún, tọkọ̀ tẹsẹ̀, èèyàn mi àti ará Sómálíà. Ìyá kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tí mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ti kọjá òǹkà náà, gbé ìwé lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀, ó ń kọ ọ́, ó ń pariwo pé ta ló ní bírò tó dáa ju èyí lọ. Nígbà tó parí, ó na bírò sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan tó máa ń lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Obìnrin náà wo bírò, ó wo aṣọ nọ́ọ̀sì, ó gbà á.

"Àǹtí," ó ní, "ibo ni mo máa fọwọ́ sí?"