Ìwé Wo La Ó Gbé Lé Òǹkàwé Káńpù Lọ́wọ́?

Josiah Akíndayọ̀mí, ọmọ Oǹdó tó dá Ìjọ Rídíìmù sílẹ̀ ní 1952, kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Yorùbá ló fi ń wàásù. Lára àwọn tó ń bá a túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni Enoch Adébóyè, olùkọ́ ìṣirò tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ní 1975, tó sì di olórí ìjọ náà ní 1981. Lónìí, Redemption Camp, ibùdó ìjọ náà tí a ń pè ní Káńpù, ti di odidi ìlú lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìwé sì pọ̀ níbẹ̀ bí omi: ìwé àdúrà, ìwé ìgbéyàwó, ìwé bí a ṣe ń lówó, Open Heavens tí wọ́n ń kà lójoojúmọ́. Ẹni tó ti ka ìwọ̀nyí tán ńkọ́, tó tún fẹ́ ìtàn, tó fẹ́ òwe, tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbàgbọ́? Kí ni kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́?

Ẹ̀rù wà nínú ìbéèrè yìí. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19 ni wọ́n sábà máa ń nà jáde: ìwé idán tí wọ́n dáná sun ní Éfésù, tí owó rẹ̀ tó 50,000 fàdákà. Ẹ jẹ́ ká tún ibẹ̀ kà. Àwọn onínǹkan ló fọwọ́ ara wọn kó ìwé wọn wá. Kò sí ẹni tó fọ́ ilé ẹlòmíràn láti sun tirẹ̀. Orí méjì ṣáájú, ní Áténì, Pọ́ọ̀lù kan náà fa ọ̀rọ̀ akéwì abọ̀rìṣà yọ láàárín ìwàásù. Ta ní ń fa ohun tí kò gbọ́ rí yọ? Nígbà tó sì wà lẹ́wọ̀n, ó ránṣẹ́ sí Tímótì pé kó bá òun kó àwọn ìwé òun wá.

Ìdí nìyẹn tí ìwé Emmanuel Moses Líjàdù fi yẹ kó ṣáájú. Oníwàásù ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó sì ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Oǹdó kí wọ́n tó bí Akíndayọ̀mí níbẹ̀. Ní 1898 ó tẹ ìwé kan jáde tó pè ní Ifá: Ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀ tí í ṣe Ìpìlẹ̀ Ìsìn ní Ilẹ̀ Yorùbá, òmíràn lórí Ọ̀rúnmìlà tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bọ Ifá. Ó gbọ́ ẹsẹ Ifá lẹ́nu àwọn babaláwo, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá ní ìmọ̀ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbàlà ṣì kù sọ́wọ́ Kristi. Babaláwo á bá a jiyàn dalẹ́ lórí ìyẹn, ẹjọ́ babaláwo kò sì lè ṣàìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, Líjàdù gbọ́ tán kó tó dáhùn. Mélòó nínú àwọn tó ń fi gbohùngbohùn bú Ifá lónìí ló ti gbọ́ ẹsẹ kan délẹ̀ rí?

Ti I. B. Thomas ló máa dùn mọ́ ará Káńpù jù, nítorí ẹ̀rí ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láàárín 1929 sí 1930 ni lẹ́tà ń jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn Thomas, láti ọwọ́ obìnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ. Ó ń jẹ́wọ́, ó ń sunkún, ó ń kọrin ìsìn, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Bó bá sì kan ibi fàájì, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti tọ́ sí ẹni tó ti ronú pìwà dà. Èkó gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ lẹ́tà. Kò sì sí Ṣẹ̀gilọlá kankan níbì kan: Thomas ló ń kọ gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ̀rí bá yí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan lọ́kàn padà, tí ẹni tó jẹ́ ẹ kò sì sí láyé rí, ṣé irọ́ ni? Ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù náà kò ní ojúlé. Àmọ́ àwọn tó ń gbọ́ Jésù mọ̀ pé òwe ló ń pa. Àwọn tó ń ka Thomas kò mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀rí lóṣooṣù ní Káńpù ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Ìwé ará ilé wá ni wọn ò mọ̀. Òkènlá ní ẹkùn Ìfọ̀, abúlé tó ń jẹ́ orúkọ Balógun àwọn Onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá, ni wọ́n ti bí Isaac Délànọ̀ ní 1904. Àwọn kan mọ Aiyé D'Aiyé Òyìnbó rẹ̀, tó jáde ní 1955. Ta ló ń rántí One Church for Nigeria, tó kọ ní 1945, nípa ìjọ kan ṣoṣo fún gbogbo Nàìjíríà? Kí èèyàn máa kà á nínú ọkọ̀ láti Ibafo, tí ìjọ MFM ní Prayer City sí, kọjá Mowe dé Káńpù, á máa rẹ́rìn-ín, á sì máa ronú.

Onímọ̀ ìwé Yorùbá, Karin Barber, ti tún ti Thomas tẹ̀ ní 2012, Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ti Délànọ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, torí 1979 ló kú. Líjàdù kú ní 1926, òfin kò sì de ìwé rẹ̀ mọ́: ilé ìtàwé èyíkéyìí ní Káńpù lè tún un tẹ̀ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ku ẹni tó máa gbé ìwé tí wọ́n kọ Ifá sí lára síta lọ́jọ́ ìsìn Họ́lì Gósítì.