Ọjọ́ Kan Péré Nídìí Pátákó Ìkọ̀wé

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé wa ti ìdámẹ́rin ọdún yìí: báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ iṣẹ́ tí ó yẹ òun? Inú kíláàsì ni a ti bá ìbéèrè náà pàdé.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, àwọn olùkọ́ mẹ́ta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sàǹgó lọ bá ẹnìkejì wọn sin òkú ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa pé kí á wá bá òun mójú tó àwọn ọmọ fún ọjọ́ kan péré. Àwa mẹ́ta ni a lọ: ọ̀kan ń ta aṣọ lọ́jà, ọ̀kan jẹ́ télọ̀, ẹ̀kẹta sì ti fẹ̀yìntì ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. A rò pé iṣẹ́ tí kò le ni. A ti tọ́ ọmọ, a ti tọ́ ọmọ-ọmọ. Kí ni ó tún kù?

Kí agogo mẹ́wàá tó lù, a ti mọ ohun tí ó kù. Ọmọ kan parí ìṣirò tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Òmíràn kò tilẹ̀ lè ka ohun tí a kọ. Bí ọ̀kan bá ní òun fẹ́ tọ̀, márùn-ún yóò dìde tẹ̀lé e. Ọ̀fun wa gbẹ. Nígbà náà ni a rí ọmọkùnrin kan tí ó gbé orí lé tábìlì, tí ó ń sùn. A jágbe mọ́ ọn, a pè é ní ọ̀lẹ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì ní kí ó lọ dúró kí ó kọjú sí ògiri. Ọmọ náà kò sunkún, ó kàn lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun, ọmọbìnrin kékeré kan wá bá wa. Ó ní, “Màmá, iṣẹ́ òru ni ìyá rẹ̀ ń ṣe ní ilé-iṣẹ́. Òun ni ó ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ lóru. Àǹtí wa máa ń jẹ́ kí ó sùn díẹ̀ kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè.” Ara wa bù máṣọ. A pè é, a bẹ̀ ẹ́, a ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ohùn; èyí tí ó fọ́ ti fọ́.

Ní kíláàsì kejì, ẹni tí ń ta aṣọ kò tíì jókòó láti òwúrọ̀. Ọmọ kan kò mọ ìyọkúrò. Ó ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kò yé e. Ó jáde lọ ṣa ìdérí ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ó tò wọ́n sílẹ̀, ọmọ náà ń mú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi yé e. Arábìnrin wa pàtẹ́wọ́, ó jó. Àwa méjì ń wo aago; òun ń béèrè bóyá òun tún lè wá lọ́la.

Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ tí ó bá yẹni kì í rẹni. A kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ju bí ó ṣe rẹ̀ wá lọ. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ tiwa sọ wá di ọ̀tá ọmọ. Àárẹ̀ tirẹ̀ mú un wá ọ̀nà mìíràn. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Òótọ́ ni pé ọjọ́ kan kéré. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó dára ni ó ti jágbe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹ̀kọ́ sì tún wọn ṣe. Kì í ṣe lásán ni a ń fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ kí á tó gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Ọjọ́ kan kò tó láti sọ pé a kò lè kọ́ iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó tó láti fi ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ ọkàn hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn ìjọ tiwa. Thomas Birch Freeman, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, olùtọ́jú ọgbà ni ní Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀. Olúwa fún un ní ẹ̀bùn ìrìn-àjò, ọ̀rọ̀ bíbá ọba sọ, àti ìjọ dídá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó kò sí lára ẹ̀bùn rẹ̀. Ìnáwó tí ó kọjá agbára mú un fi iṣẹ́ míṣọ́nnárì sílẹ̀ ní ọdún 1857. Ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní Àkúrá, ó dáko, kí ó tó padà sí iṣẹ́ ìwàásù ní ọdún 1873. Nígbà tí òun ń rìn káàkiri, William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n dúró ní Àgbádárìgì tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn àwa ìyá. Bí ọmọ wa kò bá rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó fẹ́ wọ̀, a ó ní, “Lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ná, kí o tó rí iṣẹ́ gidi.” Ọmọ ọlọ́mọ tí ń sùn lórí tábìlì ni yóò san gbèsè ọ̀rọ̀ náà. Ní ọwọ́ kejì, ọmọbìnrin tí ó ní ẹ̀bùn ìkọ́ni ń lọ di ọjà sínú páálí ní ilé-iṣẹ́ nítorí pé owó ibẹ̀ ju ti olùkọ́ lọ. A kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi. Ebi kò mọ ẹ̀bùn. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: owó ilé-ìwé tí a jẹ sílẹ̀ láti sáà méjì, ta ni kò rí owó oṣù gbà nítorí rẹ̀?

Arábìnrin, ohunkóhun tí ì báà jẹ́ iṣẹ́ rẹ, bi ara rẹ léèrè ní alẹ́ òní: nígbà tí ó bá rẹ̀ mí, ta ni mo ń sọ di ọ̀tá? Ọmọkùnrin náà ṣì ń kí wa lójú ọ̀nà, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ti dárí jì wá. Àwa ni a kò tíì gbàgbé.

Kí Olúwa fi ipò tí ó yẹ wá hàn wá, kí ó sì fún wa ní ọkàn tí yóò lè dúró níbẹ̀. Àmín.