Oògùn Tí Kì Í Kunni Lóorun

Ẹni tí ara rẹ̀ ń lé, tó ń yún un, tí ètè rẹ̀ ń wú, tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kẹ́místì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n á ka Piriton wẹ́wẹ́ fún un sínú bébà tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. Yíyún náà á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n oorun á dé. Ọlọ́kadà tó ń ná Àkúrẹ́ kò sì gbọdọ̀ tòògbé. Abájọ tí wọ́n fi máa ń sọ pé, "Ẹ fún mi ní èyí tí kì í kunni lóorun."

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwọn dókítà náà fẹ́ kí irú aláìsàn yìí kọ́kọ́ lo loratadine, cetirizine tàbí fexofenadine, tí oorun wọn kò tó ti Piriton. Àmọ́ ìbéèrè kan tún wà níbẹ̀: oògùn mìíràn wo lẹ tún ń lò? Ẹ̀mí èèyàn ló bá a lọ kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó kọ́ láti máa bèèrè rẹ̀.

Ní 1985 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí terfenadine, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n ń tà lórúkọ Seldane. Kì í kunni lóorun rárá, ayé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó di 1989, obìnrin ẹni ọdún 39 kan bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lójijì. Ní ọsibítù àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Bethesda, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, ó ń sáré débi tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í dé ọpọlọ. Kó tó dìgbà náà, kò ní àrùn ọkàn. Terfenadine ló ń lò. Nígbà tí ojú ara tún ń yún un, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ketoconazole kún un, oògùn tí àwa náà mọ̀ mọ́ làpálàpá.

Ẹ̀dọ̀ ló máa ń sọ terfenadine di nǹkan mìíràn, ohun tó bá sọ ọ́ dà yẹn ló ń pa yíyún. Ketoconazole dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Terfenadine wá ń kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì da ìlù ọkàn rú. Erythromycin, oògùn apakòkòrò, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí yè é. Àwọn mìíràn kò yè é. Ìkìlọ̀ líle jáde ní 1992, síbẹ̀ oògùn náà kò kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà títí di 1998, lẹ́yìn tí fexofenadine, ohun tí ẹ̀dọ̀ ń sọ terfenadine dà gan-an, ti jáde. Ó pẹ́ jù lójú tèmi.

Terfenadine ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ríra oògùn kan níbí, ríra òmíràn lọ́hùn-ún, kí ẹni kejì má mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ tà, ìyẹn ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo màmá tó ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ètè rẹ̀ wá wú láìsí pé ara ń yún un. Lisinopril fúnra rẹ̀ lè fa wíwú bẹ́ẹ̀, kódà lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, ó sì máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Piriton kò lè mú un kúrò. Tí màmá ò bá dárúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, Piriton náà ni wọ́n á máa kà fún un.

Kí aláìsàn kó gbogbo oògùn ilé, àgbo pẹ̀lú, sínú àpò kan lọ bá dókítà. Tí ahọ́n bá wú, tí ohùn yí padà, tàbí tí mímí ń nira, kí ẹnikẹ́ni má yà ní kẹ́místì. Ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ, lójú ẹsẹ̀.