Ìká Òfún, Ọ̀ṣẹ́tùúrá àti Àga Adájọ́ ní Missouri

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà fi ìbò 49 sí 44 fọwọ́ sí i pé kí Sarah Pitlyk, tí Ààrẹ Trump fà kalẹ̀, di adájọ́ kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ fún ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹ̀sùn méjì ni àwọn tó takò ó kà sí i lẹ́sẹ̀. Èkíní ni pé kò ní ìrírí iṣẹ́ kọ́ọ̀tù tó fi yẹ kó jókòó sórí àga bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé ó ti fi iṣẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ bá ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin lórí oyún àti ọmọ bíbí jà. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀sùn ìwé ẹ̀rí, ọ̀tọ̀ ni ti òṣèlú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú Ifá, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n. Kí a tó fi ayé àwọn ènìyàn lé adájọ́ lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ ti hàn pé ó lè gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tí èyí kò bá tíì hàn lára rẹ̀, kí àwọn tó ń yàn án má ṣe tíì yàn án.

Nínú odù Ìká Òfún, Ifá sọ̀rọ̀ àwọn àgbà 16 tí wọ́n ń tọrọ ogbó. Ifá ní wọn yóò pẹ́ láyé bí wọ́n bá pa ìkìlọ̀ mọ́. Lára ìkìlọ̀ náà ni pé kí wọ́n má ṣe sọ ohun tí wọn kò mọ̀, àti pé ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ kó sínú odò. Wọn kò gbà. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n di ẹ̀bi ru Ọ̀rúnmìlà, òun náà sì dá wọn lóhùn pé òun kọ́ ni òun ń pa wọ́n, ìkìlọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń pa wọ́n. Ohun tó yẹ kí á fiyè sí níbẹ̀ ni pé àgbà ni Ifá ń bá wí. Wọ́n lọ́jọ́ lórí, wọ́n níyì láwùjọ, síbẹ̀ Ifá kò gbà pé iyì lè rọ́pò mímọ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọmọ awo fi ń lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀ olúwo àti ojùgbọ̀nà kó tó máa dá Ifá fún ará ìta. Ẹsẹ tó ń kọ́ sórí kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ń wo bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń gbọ́ ti aláìsàn, ti àgàn, ti tọkọtaya tó ń jà, kó tó kan òun náà láti la ẹnu.

Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní ABA, ti ń yẹ àwọn tí ìjọba fẹ́ fi jẹ adájọ́ wò láti ọdún 1953. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ fi ohùn kan sọ pé Pitlyk kò tóótun. Wọn kò pè é ní òpè o. Yale ló ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì ti ṣe akọ̀wé òfin fún Adájọ́ Brett Kavanaugh nígbà tí ìyẹn wà ní kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington. Ohun tí wọ́n rí ni pé kò tíì rojọ́ kankan délẹ̀ ní kọ́ọ̀tù rí, ì báà ṣe aṣáájú tàbí igbákejì agbẹjọ́rò. Kò fi ìbéèrè wá ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò rí, kò bá wọn yan jọ́rì, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń bá kọ́ọ̀tù gbọ́ ẹjọ́, rí, bẹ́ẹ̀ ni kò lọ́wọ́ sí ẹjọ́ ọ̀daràn kankan. Ọgbọ́n orí kò sí nínú ohun tí ABA ń yẹ̀ wò níbí yìí; odò ni wọ́n ń béèrè bóyá ó ti wọ̀ rí.

Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní èsì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ìwé òfin Amẹ́ríkà kò béèrè ọdún ìrírí lọ́wọ́ adájọ́ ìjọba àpapọ̀, àti pé Louis Brandeis àti Elena Kagan kò ṣe adájọ́ rí kí wọ́n tó dé kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù tó ga jù, ènìyàn mẹ́sàn-án ló jọ ń jókòó níbẹ̀, ìwé ẹjọ́ tí àwọn mìíràn ti gbọ́ tán ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò. Adájọ́ kọ́ọ̀tù àkọ́gbọ́ dá jókòó ni. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò sọ ẹ̀rí tó wọlé àti èyí tí kò wọlé, òun ni yóò ṣọ́ ẹnu agbẹjọ́rò tó fẹ́ ṣi jọ́rì lọ́nà, òun ni yóò wo ojú ẹlẹ́rìí tí yóò mọ irọ́ yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù. Bí ìwé òfin kò bá sì béèrè nǹkan kan, àwọn sẹ́nétọ̀ nìkan ni aṣọ́bodè tó kù, nítorí ẹni tó bá ti wọlé, tí kò bá hùwà tí wọ́n lè torí rẹ̀ yọ ọ́, títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ló máa jókòó níbẹ̀.

Àwọn kan sọ pé ojú òṣèlú ni ABA fi ń wo àwọn tí ẹgbẹ́ Republican bá fà kalẹ̀. Ká tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ kan náà ló sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí Ààrẹ Trump yàn tóótun. Yàtọ̀ sí èyí, pé ènìyàn kò bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè rí kì í ṣe èrò ẹnikẹ́ni. Yálà ó ti ṣe é tàbí kò ṣe é. Ní ọdún 2017, Sẹ́nétọ̀ John Kennedy láti Louisiana, tó jẹ́ ọmọ Republican gidi, bi Matthew Petersen, tí wọ́n fà kalẹ̀ láti jẹ adájọ́, léèrè bóyá ó ti rojọ́ ní kọ́ọ̀tù rí. Petersen ní rárá, kò sì pẹ́ tó fi yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Òṣùwọ̀n tó tó láti dá ọkùnrin yìí padà lọ́dún 2017 kò yẹ kó kéré lọ́dún 2019.

Odù Ọ̀ṣẹ́tùúrá ló so ẹ̀sùn kejì mọ́ èkíní. Àwọn babaláwo ń sọ ìtàn rẹ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yí padà. Irúnmọlẹ̀ 17 ni Olódùmarè rán wá sáyé, 16 jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Àwọn ọkùnrin gé igbó, wọ́n dá ìlànà sílẹ̀, wọn kò pe Ọ̀ṣun sí i. Nígbà tí ohun gbogbo dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó sì bi wọ́n pé ẹnìkẹtàdínlógún wọn ńkọ́. Wọ́n wá ní láti bẹ Ọ̀ṣun. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ohun tí òun yóò gbà: bí òun bá bí ọkùnrin, ọmọ náà yóò máa bá wọn lọ dípò òun, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí àdéhùn. Òfin tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ṣe lè dára lójú wọn. Ohun tí Ifá dá lẹ́bi ni pé wọ́n dá ọ̀rọ̀ ayé láìgbọ́ tẹnu ẹni tí ayé ti ara rẹ̀ wá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí Pitlyk ṣe kó tó dé iwájú àwọn sẹ́nétọ̀. Thomas More Society, tó ń bá oyún ṣíṣẹ́ jà ní kọ́ọ̀tù, ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó tún kọ̀wé tako kí obìnrin máa gba oyún gbé fún ẹlòmíràn, ó ní ó ń bu iyì ìyá kù. Sẹ́nétọ̀ Tammy Duckworth láti Illinois, tó fi IVF, ìyẹn ọ̀nà tí dókítà fi ń dá ọlẹ̀ sílẹ̀ níta ara kó tó gbé e sínú obìnrin, bí ọmọbìnrin méjì, kọ lẹ́tà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti tako yíyàn náà. Nínú àwọn Republican, Susan Collins nìkan ló dìbò pé rárá. Ewu tí Duckworth rí nínú irú èrò Pitlyk fún àwọn tó ń ṣe IVF kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí Pitlyk kò lọ́wọ́ sí rárá, dájọ́ pé ọlẹ̀ tí wọ́n dì sínú òtútù nílé ìwòsàn jẹ́ ọmọ lábẹ́ òfin tó fún òbí láyè láti pẹjọ́ nítorí ikú ọmọ wọn. Láìpẹ́, àwọn ilé ìwòsàn kan dá IVF dúró, àwọn obìnrin tó ti ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ sì há sáàárín ọ̀nà. Oṣù Kẹta ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà tó sáré ṣe òfin tí yóò dáàbò bo àwọn dókítà.

A lè gbọ́ pé ìgbàgbọ́ obìnrin náà ni wọ́n ń fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí a fi ẹ̀sìn dán ẹnikẹ́ni wò fún ipò. A tún lè gbọ́ pé ọ̀rọ̀ oníbàárà kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò. Méjèèjì tọ̀nà, wọ́n sì ì bá tó láti dá a láre ká ní ó ní iṣẹ́ mìíràn tí a lè fi wò ó. Agbẹjọ́rò tó ti lo ogún ọdún ní kọ́ọ̀tù, tó ti gbèjà oríṣiríṣi ènìyàn, tó ti fara balẹ̀ gbọ́ alátakò rẹ̀, lè ní èrò tó le lórí oyún, a ó sì ní ẹ̀rí pé ó lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Níbi tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ìhà kan ṣoṣo tó ti ń jà fún nìkan la máa rí. Ibí yìí ni ẹ̀sùn méjèèjì ti di ọ̀kan.

Àtakò tó le jù lọ ti inú Ifá wá. Ṣé Ifá kò ka ọmọ sí ju ohun gbogbo lọ ni? Ṣé ọmọ inú Ọ̀ṣun kọ́ ló tún ayé ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé Ifá ka ọmọ sí ni ẹni tó ń wá ọmọ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹsẹ Ifá, ẹni tó ń wá ọmọ náà ló sì ń lọ ṣe IVF. Nínú Ọ̀ṣẹ́tùúrá, kò sí irúnmọlẹ̀ kan tó fi agbára mú Ọ̀ṣun nítorí oyún inú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́, ohun tó sọ ni wọ́n sì ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn yìí gbè sẹ́yìn òfin tí kò bi obìnrin ní nǹkan kan, ìdajì ìtàn ló mú.

Kì í ṣe iṣẹ́ tí Pitlyk ti ṣe láti ìgbà tó ti dórí àga ni mò ń dá lẹ́jọ́. Ohun tó wà níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò ni mò ń wò, ohun náà kò sì tó. Irú rẹ̀ yóò tún wá, láti ọwọ́ ààrẹ ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù. Kí wọ́n bi ẹni tí wọ́n bá fà kalẹ̀ pé ẹjọ́ wo ló ti rò délẹ̀, ẹlẹ́rìí wo ló ti gbọ́, ìgbà wo ló sì ti fara balẹ̀ gbèrò ọ̀rọ̀ láti ìhà ẹni tí ìdájọ́ rẹ̀ máa dé ara rẹ̀. Bí kò bá rí èsì fọ̀, kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, kó lọ kọ́ ọ sí i.