Kọ́kọ́ So Ó Ná, Kí O Tó Gbára Lé Ọlọ́hun

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó tẹ ohun ìgùn lórí ba fún wa, láti orí ràkúnmí àti ẹṣin títí dé orí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ọ̀rọ̀ ìṣítí oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere tí a ń gbé sínú ọkọ̀ tàbí sórí ọkọ̀ ni. Ẹnìkan lè bi wá pé, "Kí ló kan ẹ̀sìn nínú ìyẹn?" Ó kàn án gan-an ni. Kò sí ibi tí ẹ̀mí èèyàn ti wà nínú ewu tí Islam kò ní ọ̀rọ̀ láti bá wa sọ níbẹ̀.

Ẹ wo ojú ọ̀nà wa nígbà tí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin a máa ra kẹ̀kẹ́ fún àwọn ọmọ nílé. Wọ́n á gbé òmíràn sórí káríà bọ́ọ̀sì, wọ́n á fi okùn tín-ín-rín kan ṣoṣo so ó. Wọ́n á ti òmíràn sínú búùtù tí kò ṣeé pa dé mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ síta. Dẹ́rẹ́bà á fi ọwọ́ mi ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Kò séwu, Ọlọ́hun á ṣọ́ wa." Bí kẹ̀kẹ́ bá wá já bọ́, tí ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọlù ú, wọ́n á ní, "Àmúwá Ọlọ́hun ni."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún gbólóhùn yìí. Òótọ́ ni pé ìgbàgbọ́ nínú kádàrá wà lára òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n kádàrá kì í ṣe àpò tí a ń kó àìbìkítà wa sí. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé E. Ànábì ní kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Ẹ ṣàkíyèsí pé síso ló ṣíwájú. Ẹni tó pa síso tì, tó ní òun gbára lé Ọlọ́hun, Ọlọ́hun ló ń dán wò.

Ẹ tún wo Suratu Nisaa, aaya 92. Ọlọ́hun kò sọ níbẹ̀ pé ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo lè gbọn ọwọ́ nù kó máa lọ. Ó pa á láṣẹ fún un kí ó tú ẹrú onígbàgbọ́ sílẹ̀, kí ó sì san owó ẹ̀mí fún àwọn ẹbí òkú, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní agbára ìtúsílẹ̀ ẹrú, ààwẹ̀ oṣù méjì tí kò dá dúró láàárín ni yóò gbà. Bí ọ̀rọ̀ èèṣì bá wúwo tó báyìí, kí ni ẹni tó rí i pé okùn òun ti gbó, tó sì wa ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, yóò wí níwájú Ọlọ́hun?

Kí wá ni ó yẹ ká ṣe?

Èkíní: kẹ̀kẹ́ orí ọkọ̀. Okùn tó nípọn tí kò gbó ni kí a lò. Rọ́bà inú táyà lè ran okùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fà, òun nìkan kò tó. Kí a so férémù kẹ̀kẹ́ mọ́ káríà ní ibi méjì ó kéré tán, kí a sì so ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí okùn kan bá já, àwọn yòókù á mú un dúró. Kí a yọ páǹpù, apẹ̀rẹ̀ àti ohunkóhun tó lè bọ́. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára atẹ́gùn tó ń ti ẹrù orí rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ohun tó dúró jẹ́ẹ́ ní ìgboro fi ń já bọ́ ní ọ̀nà márosẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà mélòó kan, kí dẹ́rẹ́bà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ó tún okùn fà, nítorí okùn máa ń dẹ̀. Kí ó sì rántí pé ọkọ̀ rẹ̀ ti ga sí i, nítorí ẹ̀ka igi àti òkè géètì.

Èkejì: kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ bo nọ́ńbà ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bo iná ẹ̀yìn, torí iná yẹn ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi ń mọ̀ pé a tẹ bíréèkì. Kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ má yọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó lè gbá ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ọlọ́kadà. Kí táyà rẹ̀ jìnnà sí sàléńsà, torí ooru ibẹ̀ lè yọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta: búùtù tó ṣí sílẹ̀. Èéfín sàléńsà lè gba ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Oró kan wà nínú èéfín yìí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó lè pa èèyàn níbi tó ti ń tòògbé. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kí ẹ yí ọwọ́ rẹ̀, kí búùtù lè pa dé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn fún un.

Ẹ̀kẹrin: kẹ̀kẹ́ inú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan, tó dúró lójijì, kẹ̀kẹ́ tí a kò so kò ní dúró. Eré yẹn náà ni yóò fi lọ bá ẹni tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni pé ó já bọ́ lé e lórí láti òkè tó ga tó nǹkan bíi mítà 10. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì gbé e dí ẹnu ọ̀nà tí èrò máa gbà jáde.

Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà àti kọ̀ńdọ́ nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá wí. Àmáánà ni ẹ̀mí tó wà nínú ọkọ̀, àmáánà sì ni ẹ̀mí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ìwọ èrò tó rí okùn tó ti dẹ̀, fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un so." Ìpè sí rere ni. Ìwọ tó ni kẹ̀kẹ́, má ṣe ahun owó okùn. Má sì dúró di ìgbà tí o bá rí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, kí o tó so ó dáadáa. Ọba tí kì í sùn ń wò ọ́. Kí a ti fa okùn wò kí a tó ṣe àdúà ohun ìgùn tó wà nínú Suratu Zukhruf.

Bí ó bá sì já bọ́, má sá lọ. Fi ẹ̀sọ̀ dúró, kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀, kí o sì gbé e kúrò bí ọ̀nà bá ti dá. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé ọkùnrin kan rí ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún lójú ọ̀nà, ó mú un kúrò, Ọlọ́hun sì torí ìyẹn forí jìn ín. Bí ẹni tó mú ẹ̀gún kúrò lọ́nà bá rí àforíjìn gbà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù àtijẹ́ ẹni tó ju irin sí ọ̀nà.

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a lọ ire, kí a bọ̀ ire, kí Ó má fi ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sí wa lọ́rùn. Aamiin.